Ọ̀nà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Mọ̀: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Fi Kẹ̀kẹ́ Kó Àlejò Káàkiri Ikoga

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kó àlejò láti Èkó, láti Kútọnu àti láti òkè òkun wá gun kẹ̀kẹ́ ológeere ní ìgbèríko Ikoga, inú mi dùn sí yín. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá bá yín jókòó, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń gbọ́: èwo ló fúyẹ́, èwo ló ní jíà púpọ̀, èwo ló wọ́n jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lójú mi. Ọ̀nà ni iṣẹ́ wa. Ilẹ̀ etíkun tiwa tẹ́jú. Kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ tí kò ní jíà kankan lè gbé ọmọ ènìyàn láti Ikoga dé Àgbádárìgì láìsí pé òkè kan mú un sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí yóò mú un sọ̀ kalẹ̀ ni yanrìn, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ẹ̀gún ọ̀pẹ, àti afinimọ̀nà tí kò mọ ibi tí ó ń lọ.

Ẹni tí kẹ̀kẹ́ jẹ́ irinṣẹ́ fún ni kí ẹ máa tẹ̀ lé. Adẹ́mu tí ó so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kò ní gba ibi tí yanrìn ti jìn, torí bí ó bá ṣubú, owó oúnjẹ ọjọ́ yẹn ti dànù nìyẹn. Àgbẹ̀ tí ń ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko mọ ibi tí omi máa ń dúró sí, ó sì mọ ibi tí ilẹ̀ ti le tí táyà kò ní rì. Ẹ bi wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà kí ẹ tó gùn ún, kí ẹ sì gùn ún ní ẹ̀ẹ̀rùn àti nínú òjò kí ẹ tó mú àlejò kankan débẹ̀. Ọ̀nà tí ó dára ní oṣù kejì lè di odò ní oṣù kẹfà.

Ní ìpínlẹ̀ Limburg ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, láti ọdún 1995 ni wọ́n ti fi nọ́ńbà sí gbogbo oríta tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ti pàdé. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ á kàn kọ nọ́ńbà mélòó kan sórí ìwé, á sì máa tọ̀ wọ́n lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnjiníà kan tí ó ti ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà ni ó ronú rẹ̀, àwọn ará Họ́láńdì náà sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwa kò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ni nọ́ńbà tiwa: ìyá tí ń dín àkàrà lábẹ́ igi, fọganáísà ní oríta, ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí. Bí ẹ bá mọ ọ̀nà kan láìmọ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, ẹ kò tíì mọ ọ̀nà náà.

Ẹ má ṣe mú àlejò gba òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì. Tírélà tó ń lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kò rí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, kò sì ní dúró bó bá tilẹ̀ rí i. Bí ó bá di dandan kí ẹ ré e kọjá, kí gbogbo yín sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ kóra jọ, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ ò gùn níbẹ̀.

Ti afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ń bá a jà láìmọ̀. Ní ilẹ̀ etíkun, òwúrọ̀ a máa parọ́rọ́. Bí oòrùn bá ti ń mú, ilẹ̀ a tètè gbóná ju omi lọ. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ a gbéra lọ sókè, ti ojú òkun a sì fẹ́ wọlé wá dí àyè rẹ̀, láti gúúsù àti apá ìwọ̀ oòrùn. Ní ọ̀sán, ó ti lágbára. Nítorí náà, ẹ kọjú sí òkun ní àárọ̀ nígbà tí ara ṣì tutù, kí ẹ sì darí sílé ní ọ̀sán, kí afẹ́fẹ́ náà máa ti yín lẹ́yìn. Mo ti rí àwọn tó yí i padà, tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí òkun ní àárọ̀, tí wọ́n wá ń kọjú sí afẹ́fẹ́ bọ̀ nígbà tó ti rẹ̀ wọ́n. Àlejò á rò pé ara òun ni kò dá. Afinimọ̀nà ni kò ro ọ̀nà. Ní ti àsìkò, láti ìparí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì ni ọ̀nà gbẹ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọyẹ́ lè fi eruku bo ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀, ni èmi fẹ́ràn jù: oòrùn kì í mú, gbogbo igbó sì tutù yọ̀yọ̀.

Ẹ̀gún ọ̀pẹ ńkọ́? Níbi tí wọ́n bá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ̀pẹ, ẹ̀gún ìdí imọ̀ a máa wà nílẹ̀, ó le, ó sì gùn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ gbá a kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò dúpẹ́. Bí ó bá gún táyà, ẹ má kánjú. Ẹ yọ tíúbù, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú igbá omi. Ibi tí omi bá ti ń hó ni ihò wà. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi sáńpépà ha á títí yóò fi dúdú láìdán, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù pa á. Ibí ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń bà á jẹ́: wọ́n á lẹ rọ́bà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ dúró kí gọ́ọ̀mù náà gbẹ títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an. Kí ẹ tó dá tíúbù padà, ẹ fi aṣọ nu inú táyà yíká. Aṣọ ni mo wí o, ẹ má fi ìka lásán ṣe é. Ẹ̀gún náà sábà máa ń fara pamọ́ síbẹ̀, bí ẹ kò bá sì yọ ọ́, ẹ ó tún dúró kí ẹ tó dé abúlé kejì. Níbi tí yanrìn bá ti pọ̀, ẹ tú díẹ̀ lára afẹ́fẹ́ táyà jáde kí ó lè tẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì tún fẹ́ ẹ bí ẹ bá ti dé ilẹ̀ líle. Bí ẹ bá sinmi, ẹ má ṣe jókòó sábẹ́ igi àgbọn. Àgbọn kì í kìlọ̀ kó tó já.

Ìkíni wá ńkọ́? Moshood Olábísí Àjàlá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí arìnrìnàjò, fi kẹ̀kẹ́ rìn láti Chicago dé Los Angeles ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1952, ìrìn tó tó máìlì 2,280. Kì í ṣe eré ló ń sá. Ó ń dúró láti ìlú dé ìlú, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ fún yín. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ bí ẹ bá dé iwájú àgbà. Ẹ̀gùn àti Yorùbá ló ń gbé pọ̀ lágbègbè wa, ẹ kọ́ bí a ṣe ń kí ènìyàn ní èdè méjèèjì, kí ẹ sì kọ́ àlejò yín. Kí ẹ tó dá ọjọ́, ẹ bi baálẹ̀ bóyá Orò yóò jáde, pàápàá bí obìnrin bá wà láàárín àlejò, kí ẹ sì wà nílé kí ilẹ̀ tó ṣú, torí òru ni Zangbeto fi ń ṣọ́ ìlú. Ọjà Agbalata ní Àgbádárìgì, ọjà ọrọọrún ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ná an, ọkọ̀ akẹ́rù á kún ojú ọ̀nà. Ẹ yan ọjọ́ mìíràn.

A kò jìnnà sí ẹnubodè. Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa, láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà igbó ni wọ́n fura sí. Káàdì ìdánimọ̀ àti rìsíìtì kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Bí àlejò bá fẹ́ dé Pọ̀tónófò, kí ó gba Sẹ̀mẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ẹ má ṣe tọ ọ̀nà fàyàwọ́, bí ó ti wù kí ó kúrú tó.

Bí ẹ bá dé Àgbádárìgì, ẹ má ṣe fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ hàn lọ́jọ́ kan. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí ní 1845 tó fún òwúrọ̀ kan. Erékùṣù Gberefu, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ènìyàn wa tí wọ́n sọ di ẹrú wọ ọkọ̀, tó ọjọ́ kan fúnra rẹ̀. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní èbúté, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rin yanrìn náà. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí à ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá.

Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Wọ́n ń ta ilẹ̀ oko ní pulọ́ọ̀tì, wọ́n sì ń mọ ògiri dí àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn baba wa là. Bí ọ̀nà kò bá sí ní àkọsílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbà pé ó wà rí. Ẹ ní fóònù lọ́wọ́, fóònù yín sì lè ya àwòrán ọ̀nà bí ẹ ti ń gùn ún. Ẹ ya gbogbo ọ̀nà tí ẹ mọ̀ láti Ikoga lọ sí gbogbo abúlé tó yí wa ká, ẹ kọ orúkọ tí àwọn àgbà ń pè é sí i, kí baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Àgbádárìgì. Mo bẹ̀ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn tó mọ orúkọ wọ̀nyẹn ṣì wà láyé.