Ẹ̀dá-Ìtàn Nínú Agbo Ìjà: Ohun Tó Bá A Wọlé àti Ohun Tó Kù Sẹ́yìn

Ìfáàrà

Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ wa ní kí oníkálukú mú kókó kan wá tí yóò sọ̀rọ̀ lé lórí níwájú ẹgbẹ́. Mo kọ ọ́ pé èmi yóò sọ̀rọ̀ lórí ìfìwàwẹ̀dá nínú eré ìjà orí kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: "Níbo ni ìtàn wà níbẹ̀?" N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ kékeré yìí ni èsì mi.

Irú eré tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí a ti kó àwọn ẹ̀dá-ìtàn láti inú oríṣiríṣi iṣẹ́ jọ sínú agbo kan kí wọ́n lè bá ara wọn jà. A kò bí wọn sínú ilé kan náà. Ẹni tó dá èkíní lè má tilẹ̀ mọ ẹni tó dá èkejì. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni pé, bí a bá yọ ẹ̀dá-ìtàn kúrò nínú ahunpọ̀ ìtàn rẹ̀, tí a tún mú un kúrò ní ibùdó ìtàn rẹ̀, kí ni ó kù lára rẹ̀ tí a fi ń dá a mọ̀? Kí sì ni ó sọnù?

Agbo ìjà ilẹ̀ Japan

Ọ̀kan pàtàkì lára àwọn tó sọ irú eré yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni Super Smash Bros., tó jáde ní ilẹ̀ Japan ní oṣù kìíní ọdún 1999. Masahiro Sakurai ni ó ronú rẹ̀. Satoru Iwata, tó jẹ́ olórí ilé-iṣẹ́ HAL Laboratory nígbà náà, ni ó ń bá a kọ ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ti ń jà á. Nínú ọ̀pọ̀ eré ìjà, agbára oníjà ni ó máa ń dín kù bí a ti ń lù ú, títí yóò fi tán. Ti Super Smash Bros. kò rí bẹ́ẹ̀. Oníjà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Bí a ti ń lù ú ni nọ́ńbà náà ń ga, bí ó sì ti ń ga ni ẹ̀ṣẹ́ ń gbé e fò jìnnà sí i. Ẹni tó bá fò kọjá etí agbo tí kò sì lè padà ni a ti ṣẹ́gun. Nínú ìjàkadì tiwa, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀ ni a dá. Níbẹ̀, ẹni tí agbo lé jáde ni.

Ohun tó kàn wá jù ni pé nígbà tí Sakurai àti Iwata kọ́kọ́ gbìyànjú eré yìí wò, àwọn oníjà rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Òfin ìjà ti wà, agbo ti wà, ṣùgbọ́n Sakurai rí i pé ó ṣòro kí ẹni tó jókòó sílé rẹ̀ tó gba ogunlọ́gọ̀ àlejò mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà ni ó fi àwọn ẹ̀dá tí Nintendo ti ní tẹ́lẹ̀ sí i, bíi Mario àti Fox. Oníjà 12 ni ó wà nínú eré àkọ́kọ́ náà.

Ẹ wo ohun tí àwọn wọ̀nyí mú wá láti ilé wọn. Kirby, tí Sakurai fúnra rẹ̀ dá fún eré tó jáde ní 1992, a máa gbé ọ̀tá mì. Nínú agbo yìí náà ó ń gbé oníjà ẹgbẹ́ rẹ̀ mì, yóò sì gba agbára rẹ̀. Jigglypuff láti inú Pokémon a máa kọrin tí ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò sùn lọ. Nínú agbo, orin náà di ohun ìjà rẹ̀. Kò sí ẹni tó dìde láti sọ ìtàn wọn fún wa. Ìṣe wọn ni ó ń sọ ọ́. Nítorí náà ni mo fi pín ẹ̀dá-ìtàn sí ọ̀nà méjì: ọwọ́ àti inú. Ọwọ́ ni ohun tí ojú rí tí ó ń ṣe. Inú ni ìdí tó fi ń ṣe é. Agbo ìjà a máa gba ọwọ́ wọlé. Ṣé ó ń gba inú?

Àwọn ọmọ orí íntánẹ́ẹ̀tì

Èyí ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀dá kàtúùnù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tom Fulp, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó dá Newgrounds sílẹ̀ ní 1995. Láti ọdún 2000 ni ẹnikẹ́ni ti lè gbé kàtúùnù tàbí géèmù tó fi Flash ṣe lọ síbẹ̀, kí àwọn òǹwòran sì dìbò bóyá kí ó dúró tàbí kí a yọ ọ́. Láti inú irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀dá kan ti di gbajúmọ̀ láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá kan lẹ́yìn wọn. Ní 2007, a kó díẹ̀ nínú wọn jọ sínú eré ìjà kan tí à ń pè ní Newgrounds Rumble. Méjì nínú wọn, Hank àti Pico, ni yóò tàn ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ mi.

Hank wá láti inú Madness Combat, tí Matt Jolly, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Krinkels, bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Ìjà ni ó gba gbogbo inú kàtúùnù náà, ọ̀rọ̀ ẹnu kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀. Bí a bá gbé Hank wọ agbo, ilé ni a gbé e lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni inú rẹ̀; kò sí ohun tó pàdánù.

Ti Pico yàtọ̀ gidigidi. Inú Pico's School, eré tí Fulp ṣe ní 1999, ni a ti bí i. Ní oṣù kẹrin ọdún náà gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ méjì yìnbọn ní ilé-ẹ̀kọ́ Columbine ní ìpínlẹ̀ Colorado, tí wọ́n pa àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn àti olùkọ́ kan. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni eré náà ti yọ. Pico jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan yọ ìbọn sí kíláàsì rẹ̀, tí ó sì ní láti dá wọn dúró. Ẹnìkan lè sọ pé kò yẹ kí a fi irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe eré; n kò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé tí Pico ti wá nìyẹn. Nígbà tó dé inú agbo ìjà, kíláàsì kò bá a dé ibẹ̀, ẹ̀rù kò bá a dé ibẹ̀. Ọmọdé kan tó mú ìbọn lọ́wọ́ ni ó kù.

Mo rí èyí pẹ̀lú ojú ara mi. Àbúrò mi, ọmọ ọdún 16, mọ Pico dáadáa láti inú Friday Night Funkin', eré orin tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, níbi tí Pico ti ń bá ẹlòmíràn díje nínú orin. Ó mọ gbogbo ìró orin náà. Nígbà tí mo sọ fún un ibi tí Pico ti wá, ó gbé pádì sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n pa àwọn ọmọ ilé-ìwé náà?" Mo ní lóòótọ́ ni. Kò ṣeré mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìkádìí

Èsì mi sí olùkọ́ mi nìyí. Ìtàn kò sí nínú agbo ìjà. Orí ẹni tó ń wò ó ni ó wà. Ẹni tó mọ ilé Kirby rí ìtàn Kirby nínú ẹ̀ṣẹ́ kan. Ẹni tí kò mọ ilé Pico rí ìbọn nìkan. Ìbéèrè wọn tọ̀nà, nítorí pé agbo kò lè kọ́ni ní ìtàn. Ṣùgbọ́n ó lè dán wa wò bóyá a mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ iṣẹ́ lórí irú eré yìí gbọ́dọ̀ padà lọ sí iṣẹ́ tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ti wá. Kí ó sì tètè lọ. Adobe jáwọ́ lára Flash ní òpin ọdún 2020, ọ̀pọ̀ kàtúùnù àti géèmù àtijọ́ kò sì lè ṣí mọ́ bí wọ́n ti ń ṣí tẹ́lẹ̀. Ètò kan tí à ń pè ní Ruffle, tí Newgrounds ń ràn lọ́wọ́, ni ó ń mú púpọ̀ nínú wọn ṣí lónìí. Bí ilé bá wó tán, àlejò inú agbo nìkan ni yóò kù, ta ni yóò sì lè sọ ọmọ ẹni tó jẹ́?