Ẹ̀kọ́ Wa: Ọmú Tí A Tún Ṣe, Ṣé Asán Ni Kí A Wá Orí Fún Un?

Bíbélì kíkà: 2 Sámúẹ́lì 10:1–5, Máàkù 5:25–34

Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ ohun tí dókítà lè ṣe fún obìnrin tí jẹjẹrẹ gba ọmú rẹ̀, kí a sì kọ́ bí ó ti yẹ kí a máa sọ̀rọ̀ níwájú irú obìnrin bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí lè dà bí ohun tí kò yẹ kí a máa sọ nínú ìjọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń bá wa jà nínú ilé wa, kò yẹ kí a dákẹ́ lé e lórí nínú ilé Ọlọ́run.

Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Arábìnrin kan wà láàárín wa tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fún mi láyè láti sọ ọ́. Wọ́n gé ọmú rẹ̀ kan nítorí jẹjẹrẹ, Ọlọ́run sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Lẹ́yìn èyí ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mú un lọ sọ́dọ̀, wọ́n sì tún ọmú náà ṣe fún un. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìpàdé, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Màmá, ọmú ti wà, ṣùgbọ́n kò ní orí. Bí mo bá wo dígí, ó dà bí ojú tí kò ní ẹyin. Wọ́n ní àwọn lè ṣe orí rẹ̀. Ṣé kò ní jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọmọ wo lo tún fẹ́ fún lọ́mú ní ọjọ́ orí yìí?" Ó dákẹ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni a kò fi rí i ní ìpàdé.

Mo ti pẹ́ ní iṣẹ́ tíṣà. Mo mọ̀ ọ́n bí olùkọ́ bá fi ẹ̀rín bo àìmọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ọmọ iléèwé bi í ní ìbéèrè tí kò lè dáhùn. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀. Èyí tí mo rí kọ́ ni mo kọ síhìn-ín.

1. OHUN TÍ BÍBÉLÌ FI HÀN WÁ

Dáfídì rán àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ bá Hánúnì, ọba àwọn ọmọ Ámónì, kẹ́dùn ikú bàbá rẹ̀. Hánúnì fá ìdajì irùngbọ̀n wọn, ó gé aṣọ wọn dé ìdí, ó sì lé wọn lọ. Irùngbọ̀n kì í ṣe ẹ̀mí, síbẹ̀ ojú ti àwọn ọkùnrin náà gidigidi. Ẹ kíyèsí ohun tí Dáfídì ṣe. Kò sọ pé irùngbọ̀n lásán ni, kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Ó ránṣẹ́ lọ pàdé wọn, ó ní kí wọ́n dúró ní Jẹ́ríkò títí irùngbọ̀n wọn yóò fi hù. Ọba mọ̀ pé ìtìjú ara jẹ́ ìrora, ó sì bò wọ́n láṣìírí. Irùngbọ̀n a máa hù padà. Ọmú tí a gé kì í hù.

Obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ náà ti ná gbogbo ohun ìní rẹ̀ fún ìṣègùn láàárín ọdún 12. Jésù kò bá a wí nítorí rẹ̀. Ọmọbìnrin ni ó pè é.

2. OHUN TÍ DÓKÍTÀ Ń ṢE

Ọmú fúnra rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ ṣe. Dókítà lè fi àpò sílíkóònù sí abẹ́ àyà, tàbí kí ó mú awọ àti ọ̀rá láti ikùn tàbí ẹ̀yìn obìnrin náà, kí ó fi mọ ọmú. Iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1895 ni dókítà Vincenz Czerny, ní ìlú Heidelberg ní Jámánì, ti ròyìn bí ó ṣe mú kókó ọ̀rá láti ara obìnrin kan, tí ó fi dí àlàfo ọmú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà a ó dúró. Ọmú tuntun a máa wú, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kí ó tó jókòó síbi kan. Oṣù 3 sí 6 ni ọ̀pọ̀ dókítà ń dúró. Ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ bí obìnrin náà bá ṣì ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Bí a bá kánjú, orí ọmú lè bọ́ sí ibi tí kò yẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ náà, orí ìdúró tàbí ìjókòó ni a ti ń fi kálàmù sàmì sí ibi tí yóò wà, nítorí pé ọmú a máa yí ipò padà bí a bá dùbúlẹ̀. Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ kí obìnrin náà wo dígí, kí ó sọ bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a fi awọ ọmú tuntun náà gan-an ṣe orí rẹ̀. Dókítà yóò ya àwòrán lé e: lẹ́tà C kan ní àárín, lẹ́tà V méjì lápá ọ̀tún àti lápá òsì, bí ìyẹ́ ẹyẹ. Yóò la etí àwòrán náà, yóò sì gbé awọ náà sókè pẹ̀lú ọ̀rá díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gé ìdí rẹ̀ kúrò. Ìdí yìí ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀, awọ náà yóò kú. Yóò wá ká ìyẹ́ méjèèjì yí ara wọn po, bí a ti ń ká ewé mọ́ínmọ́ín, kí ó lè dìde dúró. Yóò fi lẹ́tà C dé e lórí bí ọmọrí, yóò sì rán gbogbo rẹ̀ pa. Àwọn mìíràn a máa ya àwòrán tiwọn bí ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Iṣẹ́ náà kì í sábà ju nǹkan bí wákàtí kan lọ, obìnrin a sì máa lọ sílé ní ọjọ́ náà. Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ohunkóhun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni kí a bu díẹ̀ lára orí ọmú kejì, bí ó bá tóbi. Èyí lè ba ọmú tí ó dá lára jẹ́, kò sì yẹ ẹni tí ó ṣì fẹ́ fún ọmọ lọ́mú.

Ní ti awọ róbótó tí ó yí orí ọmú ká, a lè mú awọ láti itan lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n fínfín ni ó wọ́pọ̀ nísinsìnyí. Abẹ́rẹ́ ni a fi ń ki àwọ̀ sínú awọ ara, bí àwọn olóólà ti ń ṣe kóló sára àwọn ìyá wa àtijọ́. A ó po àwọ̀ náà kí ó bá ti ọmú kejì mu. Ó lè ṣá bí ọdún ti ń lọ, kí a sì tún un fín.

3. KÍ A MÁ ṢE TAN ARA WA JẸ

(a) Orí ọmú tuntun kò lè mú wàrà jáde, kì í sì í sábà mọ ìfọwọ́kàn bí ti àtijọ́.

(b) A máa ń sọ̀ kalẹ̀. Ó lè dín ní ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà dókítà a máa kọ́kọ́ ṣe é tóbi ju bí ó ti yẹ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù bí ó bá rí i bẹ́ẹ̀.

(d) Ewu rẹ̀ pọ̀ sí i fún ẹni tí ó gba ìtànṣán sí àyà, ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, àti ẹni tí ń mu sìgá. Bí àpá yín bá máa ń wú tí ó sì ń le, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú.

(e) Kò ní kí jẹjẹrẹ má padà wá. Ẹ má ṣe pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ, ẹ sì máa yẹ ọmú kejì wò.

4. BÍ A KÒ BÁ FẸ́ ABẸ

A lè fín orí ọmú sára láìgé nǹkan kan. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe yóò fi dúdú àti fífẹ́ẹ́rẹ́ ṣe é débi pé ojú yóò rí i bí ohun tí ó yọ síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pẹlẹbẹ ni bí a bá fọwọ́ kàn án. Orí ọmú sílíkóònù wà pẹ̀lú tí a lè lẹ̀ mọ́ra, kí a sì ṣí i kúrò. Obìnrin sì lè sọ pé bí òun ti wà yìí ti tó. Òun náà kò ṣẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní 1998 mú un ní dandan pé ilé iṣẹ́ adójútòfò tí ó bá san owó gígé ọmú yóò san ti àtúnṣe rẹ̀. Nílé wa níbí, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń san án. Ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara wà ní UCH ní Ìbàdàn àti ní ilé ìwòsàn Ìgbóbì ní Èkó. Irú ibẹ̀ ni kí a ti lọ béèrè, kì í ṣe lọ́dọ̀ ẹni tí ń fi iyàrá ṣe ilé ìwòsàn.

5. Ẹ̀KỌ́ FÚN ẸNU WA

Ṣé asán ni? Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, mẹ́ta nínú eyín ẹnu mi kì í ṣe èyí tí mo bá wáyé. Kò sí ẹni tí ó bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni. A ń wọ gíláàsì, a ń di irun ọjọ́ Ìsinmi, a ń wé gèlè. Kí ló dé tí a fi ń dá arábìnrin wa lẹ́jọ́ nítorí ohun tí àìsàn gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi kan lé ènìyàn kúrò ní ìpàdé Olúwa fún oṣù mẹ́ta.

Arábìnrin wa ti lọ ṣe é. N kò bi í bí ó ti rí. Ó ti padà sí ìjókòó rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni Dáfídì ṣe fún àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ tí àwa náà lè ṣe fún ara wa?
2. Kí ló dé tí dókítà kì í fi í gé ìdí awọ tí ó fi ń ṣe orí ọmú?
3. Ta ni ó ti jìnnà sí ìpàdé wa nítorí ọ̀rọ̀ tí a sọ? Ta ni yóò lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí?

ÀDÚRÀ: Olúwa, ìwọ tí o mọ ara wa, wo gbogbo obìnrin tí jẹjẹrẹ kọlù sàn. Bo ìtìjú wọn, kí o sì ṣọ́ ẹnu wa. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.