Ǹjẹ́ Ẹlẹ́yàmẹ̀yà Ni Wá?

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́
Ẹ ka: Númérì 12:1–15; Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6:1–6

Bí ẹnì kan bá dúró níwájú ìpàdé wa, tí ó ní kí gbogbo ẹni tí ó jẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà dìde, a mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn-ún gbọ́. Bí a bá ti dárúkọ rẹ̀, àwọn aláwọ̀ funfun tí ó ṣe ìjọba àpátáìdì ní South Africa títí di 1994 ni ọkàn wa máa ń lọ sí, tàbí àwọn tí ó kó ẹrú ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n àwọn náà ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ ara wọn sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà?

Ẹ jẹ́ kí a wo Míríámù. Kì í ṣe obìnrin lásán. Wòlíì ni, òun ni ó mú ìlù, tí ó ṣáájú àwọn obìnrin lẹ́yìn tí Ísírẹ́lì la Òkun Pupa kọjá. Bí ó bá wà láàrin wa lónìí ni, òun ni à bá fi ṣe ààrẹ ẹgbẹ́. Ẹsẹ kìn-ín-ní sọ ohun tí ó bí i nínú fún wa: Mósè fẹ́ obìnrin ará Kúṣì, ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó wà ní gúúsù Íjíbítì. Ní ẹsẹ kejì ó la ẹnu, kò sì dárúkọ ìyàwó náà rárá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ó gbé jáde, pé ṣé Mósè nìkan ni Olúwa ń bá sọ̀rọ̀ ni. Ẹ tún ẹsẹ méjèèjì kà, kí ẹ fi wọ́n wéra. Ohun tí ó wà nínú ikùn yàtọ̀, ohun tí ó jáde lẹ́nu yàtọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé Míríámù fúnra rẹ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ Olúwa ni òun ń sọ.

A ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ láti inú orí yìí pé kí ọmọ ìjọ má ṣe sọ̀rọ̀ òdì sí ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n agbára káká ni a fi ń gbọ́ ti ìyàwó ilé náà, ẹni tí ọ̀rọ̀ tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì náà ní irú rẹ̀ nínú. John Wesley kórìíra òwò ẹrú; ó kọ ìwé ta kò ó ní 1774. Ní 1784, nígbà tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì Amẹ́ríkà pàdé ní Baltimore láti dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, wọ́n ṣòfin pé kí ọmọ ìjọ tí ó bá ní ẹrú dá wọn sílẹ̀ lómìnira. Òfin náà kò pẹ́ kí wọ́n tó dá a dúró, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwọn ènìyàn yìí ka ara wọn sí ọ̀rẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Ìjọ St. George's ní ìlú Philadelphia wà lára wọn. Ibẹ̀ ni Richard Allen ti bẹ̀rẹ̀ sí wàásù ní 1786, ní aago márùn-ún ìdájí. A bí i sínú ẹrú ní 1760, ó sì fi owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ra ara rẹ̀ padà. Àwọn aláwọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ nínú ìjọ. Nígbà tí ìjọ ń kọ́ ìjókòó òkè sínú ilé ìsìn, tí wọ́n sì ń tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe, àwọn náà dáwó sí i dáadáa. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan (Allen ní 1787 ni, àwọn òpìtàn kan ní 1792), wọ́n gòkè lọ jókòó. Bí wọ́n ti kúnlẹ̀ fún àdúrà ni ọ̀kan nínú àwọn alámòójútó ìjọ gbá Absalom Jones mú, ó ń fà á dìde pé kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ síbẹ̀. Jones bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí àdúrà parí. Ó kọ̀, ó sì ké sí ẹlòmíràn kí ó wá ran òun lọ́wọ́. Nígbà tí àdúrà parí, gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Láti inú ìjáde yẹn ni Ìjọ Bethel ti wá ní 1794, àti ìjọ A.M.E. ní 1816, tí Allen jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àkọ́kọ́.

A máa ń ronú nípa alámòójútó yẹn. Nígbà tí ó délé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, kí ni ó sọ fún ìyàwó rẹ̀? Kò dájú pé ó sọ pé òun kórìíra àwọn aláwọ̀ dúdú. Lójú tiwa, yóò ti sọ pé ètò ìjókòó ni òun ń tọ́jú. Àwa Ìjọ Elétò sì fẹ́ràn ètò púpọ̀!

Kò tọ́ kí a fi ẹ̀kọ́ yìí bú òyìnbó tán kí a sì máa lọ sílé. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ń ti ẹnu wa jáde: “kòbókòbó”, “Gàm̀bàrí pa Fúlàní, kò lẹ́jọ́ nínú.” Ènìyàn kan kú nínú òwe yẹn, a sì ń fi rẹ́rìn-ín.

Ní àkókò tí àwa tí a ń kọ èyí jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, àwa ni a ń kọ ìwé ìpín-iṣẹ́. Arábìnrin kan wà láàrin wa, ọmọ Ègùn láti ìhà Badagry, ẹja ni ó ń tà lọ́jà. Ní ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ wa bi wá pé kí ló dé tí màmá yẹn kì í darí àdúrà. A dáhùn kíá pé Yorùbá rẹ̀ kò já geere. Ìdáhùn náà kò jẹ́ kí a sùn. Obìnrin tí ó ti ń fi Yorùbá ná ọjà fún nǹkan bí ogún ọdún!

A gbé ìwé ọdún mẹ́ta jáde, bí ẹni tí ó fẹ́ ṣàmì sí iṣẹ́ ọmọ iléèwé. Orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ ilé gbígbá nígbà gbogbo, ó wà lábẹ́ abọ́ fífọ̀. Kò sí lábẹ́ àdúrà tàbí Bíbélì kíkà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọwọ́ wa ni a sì fi kọ gbogbo rẹ̀. Badagry tirẹ̀ yìí ni Thomas Birch Freeman kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí ní September 1842, kí ó tó dé Abẹ́òkúta tiwa ní December.

A lọ bá a nílé, a bẹ̀ ẹ́. Ó gbé omi fún wa. Ó ní, “Màámi, mo ti mọ̀ tipẹ́. Mo ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀ ni.”

Nínú Ìṣe 6, àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì ni a ń fò dá nínú ìpín ojoojúmọ́. Àwọn tí ebi ń pa ni ó kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe àwọn tí ń pín oúnjẹ. Àwọn Àpọ́sítélì kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé, ṣé o kórìíra wọn? Ìpín ni wọ́n wò, ìjọ sì yan ọkùnrin méje tí orúkọ Gíríìkì ń jẹ́ láti máa bójú tó o.

Fún ìpàdé tí ń bọ̀: kí akọ̀wé ẹgbẹ́ mú ìwé ìpín-iṣẹ́ ọdún tí ó kọjá wá. Kí a ka orúkọ àwọn tí ó darí àdúrà sókè, lẹ́yìn náà kí a ka ti àwọn tí ó fọ abọ́. Kí àwọn arábìnrin wa tí kì í ṣe Yorùbá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí àwa yòókù sì gbọ́ wọn dópin láìdá wọn lẹ́nu.