Bí Ẹni Tí Ojú Rẹ̀ Kò Ríran Ṣe Lè Fi Kọ̀ǹpútà Ṣiṣẹ́

Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ nípa kọ̀ǹpútà orí tábìlì àti bí a ṣe lè mú kí ó rọrùn fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí tí kò ríran rárá.

Láti Ìkẹjà títí dé Agége, agbára káká ni a fi lè rí ilé-iṣẹ́ kan tí kò ní kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé tí ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ń fi í ka iye páálí tí ó wọlé àti iye tí ó jáde. Ẹni tí ń san owó oṣù ń fi í ṣe ìṣirò. Nítorí náà, nígbà tí ojú òṣìṣẹ́ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣókùnkùn, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń bà á lẹ́rù ni pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú a sì máa rò bẹ́ẹ̀. Èrò náà kò tọ̀nà. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ọ̀nà ojú bá dí, ọ̀nà etí àti ọ̀nà ìka ọwọ́ ṣì wà.

ÀWỌN TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ KÀN

Ìwádìí ńlá kan tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láti 2005 sí 2007 fi hàn pé, nínú 100 àgbàlagbà tí ó ti pé 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lé díẹ̀ ní 4 tí ojú wọn ti fọ́. Ohun tí ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù ni ìkùukùu funfun tí ó máa ń ṣú nínú ẹyinjú, tí àwọn dókítà ń pè ní cataract. Èyí tí ó tẹ̀lé e ni àrùn glaucoma. A lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún cataract, kí ẹni náà sì tún ríran. Ṣùgbọ́n glaucoma dàbí olè òru. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà kì í dun ènìyàn, ẹ̀gbẹ́ ojú ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó bá sì jí gbé kò ṣeé gbà padà. Ìyókù nìkan ni ìtọ́jú lè dá dúró.

Nítorí èyí, kí a tó sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹni tí ojú ń dà láàmú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ rí dókítà ojú. Ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà ní ilé ìwòsàn ńlá LASUTH tí ó wà ní Ìkẹjà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ro àgbo tàbí omi ṣúgà sí ojú.

Àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni àwọn tí ó ṣì ń ríran díẹ̀. Èkejì ni àwọn tí kò ríran rárá. Ohun tí ó yẹ èkíní yàtọ̀ sí ohun tí ó yẹ èkejì.

IBI TÍ ỌGBỌ́N YÌÍ TI WÁ

Louis Braille, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó fọ́jú ní kékeré, gbé ìwé jáde ní 1829 lórí bí a ṣe lè fi kókó kéékèèké mẹ́fà kọ gbogbo lẹ́tà, kí a sì fi ìka kà á. Nígbà tí tápúwátà dé, àwọn tí kò ríran kọ́ ọ pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí ó mọ ìwé tẹ̀ dáadáa kì í wo bọ́tìnì, ìbáà ríran, ìbáà má ríran. Ní Èkó níbí, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn afọ́jú ti wà ní Òṣòdì láti àwọn ọdún 1950, ilé ẹ̀kọ́ Pacelli fún àwọn ọmọ tí kò ríran sì bẹ̀rẹ̀ ní Súrùlérè ní 1962.

Àwọn tí kò ríran fúnra wọn ni ó wà nídìí ètò tí ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè fún ènìyàn. Ted Henter, ará Amẹ́ríkà tí ó máa ń fi alùpùpù sáré ìje tẹ́lẹ̀, pàdánù ojú rẹ̀ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1978. Ní 1989, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé ètò kan jáde tí a ń pè ní JAWS. Ètò náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lè ju owó kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ lọ. Ní 2006, Michael Curran, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ọsirélíà tí òun náà kò ríran, bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn tí ń jẹ́ NVDA. James Teh, tí òun pẹ̀lú kò ríran, sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi NVDA fún gbogbo ayé títí di òní.

FÚN ẸNI TÍ Ó Ń RÍRAN DÍẸ̀

Ohun àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀. Kí a má ṣe gbé kọ̀ǹpútà kọjú sí fèrèsé, kí ó má ṣe máa tan yanran. Kí a má sì ṣe gbé e síwájú fèrèsé, kí oòrùn má ṣe máa ta sí ojú ẹni tí ó jókòó. Ẹ̀gbẹ́ ni kí fèrèsé wà.

Ohun kejì ni ìtóbi lẹ́tà. Nínú kọ̀ǹpútà tí ń lo Windows, bọ́tìnì kan wà ní ìsàlẹ̀ tí ó ní àwòrán fèrèsé. Bí a bá di í mú tí a sì tẹ àmì àròpọ̀, ojú ẹ̀rọ yóò tóbi sí i. Bí a bá di í mú tí a sì tẹ àmì àyọkúrò, yóò kéré sí i. Bí a bá fẹ́ pa á, a ó di í mú, a ó sì tẹ Esc.

Ohun kẹta ni àwọ̀. Lẹ́tà funfun lórí dúdú a máa tu ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn lára ju lẹ́tà dúdú lórí funfun lọ. Bí a bá tẹ Alt àti Shift tí ó wà lápá òsì pọ̀ mọ́ PrtScn, kọ̀ǹpútà yóò béèrè bóyá a fẹ́ pàrọ̀ àwọ̀.

FÚN ẸNI TÍ KÒ RÍRAN RÁRÁ

Ẹni yìí kò nílò màósì. Etí rẹ̀ àti ìka rẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ wá lẹ́tà F àti J: kókó kékeré kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Orí wọn ni ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ méjèèjì yóò máa jókòó sí, láti ibẹ̀ ni a ó sì ti máa wá gbogbo lẹ́tà yòókù.

Lẹ́yìn èyí, kí ó di bọ́tìnì fèrèsé àti Ctrl mú, kí ó sì tẹ Enter. Ohùn kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Èyí ni Narrator, tí ó ti wà nínú Windows tẹ́lẹ̀. A kò ní í rà á. Bọ́tìnì Tab yóò máa mú un lọ láti ohun kan sí òmíràn, ọfà yóò máa mú un lọ láti ìlà dé ìlà, Enter yóò sì ṣí ohun tí ó bá yàn. Bí ohùn náà bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, Ctrl nìkan ni yóò tẹ̀, yóò sì dákẹ́.

Bí ó bá ti mọ èyí, kí ó wá gba NVDA. Ctrl, Alt àti N ni a fi ń ṣí i. Bí ó bá di Insert mú tí ó sì tẹ ọfà ìsàlẹ̀, ètò náà yóò máa ka ìwé náà lọ láìdúró. Bí ó bá di Insert mú tí ó sì tẹ F12, yóò sọ iye tí aago lù. Kí ó má ṣe kánjú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Ẹ kíyè sí i pé iná mànàmáná lè lọ láìjẹ́ pé ẹni tí kò ríran mọ̀, àfi nígbà tí ohùn bá dákẹ́ lójijì. Nítorí náà, kí ó máa tẹ Ctrl àti S lóòrèkóòrè, kí iṣẹ́ tí ó ti ṣe má bàa ṣòfò. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá kún fún ariwo ẹ̀rọ, kí ó lo ohun àfisétí, ṣùgbọ́n kí ó fi etí kan sílẹ̀ láti gbọ́ ìkìlọ̀.

BÍ A BÁ LỌ RA KỌ̀ǸPÚTÀ

Ní ọjà kọ̀ǹpútà tí ó wà ní àdúgbò Otigba ní Ìkẹjà, ẹni tí ó bá ń rajà fún aláìríran gbọ́dọ̀ wo ohun mẹ́ta. Èkíní, ṣé kọ̀ǹpútà náà ń mú ohùn jáde? Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni a ń tà láìsí sípíkà. Èkejì, ṣé kókó orí F àti J ṣì wà, àbí ó ti jẹ dànù? Ẹ̀kẹta, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a san owó fún ètò NVDA, kí a rántí pé ọ̀fẹ́ ni. Owó iṣẹ́ ẹni tí ó bá wa gbé e sínú ẹ̀rọ nìkan ni a lè san.

OHUN TÍ Ó KÙ SÍ ỌWỌ́ ÀWA TÍ A RÍRAN

Ètò wọ̀nyí kò lè ṣe ohun gbogbo. Bí a bá ya àwòrán lẹ́tà tí a sì fi í ránṣẹ́, àwòrán ni kọ̀ǹpútà rí, kì í ṣe ọ̀rọ̀. NVDA lè gbìyànjú láti yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè ṣì í kà. Nítorí náà, kí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ máa fi ìwé tí a tẹ̀ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí a ti tẹ̀ ẹ́. Bákan náà, ohùn tí a ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì kò mọ òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn Yorùbá. Kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà.

Òfin pẹ̀lú ti sọ̀rọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún àwọn abirùn ní 2011, ọ́fíìsì tí ń rí sí i ni LASODA. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ti rẹ̀ ní 2019. Òfin yẹn ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí ó kéré tán 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ abirùn. Ní 2017, àjọ JAMB yan ìgbìmọ̀ kan, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola jẹ́ alága rẹ̀, láti máa ṣètò ìdánwò tí ó yẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran. Ṣùgbọ́n òfin kò lè jókòó ti ènìyàn kọ́ ọ ní bọ́tìnì. Ọ̀gá tí ó bá fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní àyè oṣù díẹ̀ láti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kò ní í pàdánù ìmọ̀ tí ẹni náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ. Ẹbí tí ó bá sì fi ọmọ aláìríran sí ilé ẹ̀kọ́ ti gbà á lọ́wọ́ agbe.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín cataract àti glaucoma?
2. Níbo ni kí fèrèsé wà sí ẹni tí ojú rẹ̀ kò lágbára, kí sì ni ìdí rẹ̀?
3. Kí ni ìlò kókó tí ó wà lórí F àti J?
4. Kí ni ìdí tí kò fi yẹ kí a fi àwòrán lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ríran?
5. Ta ni ẹ mọ̀ ní àdúgbò yín tí ẹ̀kọ́ yìí lè ràn lọ́wọ́, ta ni yóò sì lọ kà á fún un?