Omi Tó Mọ́ Lójú, Ṣé Ó Mọ́ Nínú?



Àwọn àgbà wa sọ pé omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni. A ń mu omi, a fi ń se oúnjẹ, a fi ń wẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun búburú lè bá omi wọlé wa. Ó sì lè fara pamọ́ sínú omi tó mọ́ gaara. Bí a bá fi ojú nìkan wo omi, a lè ṣìnà. Ẹ jẹ́ ká kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ lónìí.

1. Níbo ni omi kànga ti ń wá?

Bí òjò bá rọ̀, apá kan nínú omi náà ń ṣàn lọ sí odò. Oòrùn ń fa apá kan padà sókè. Apá tó kù ń wọ inú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń lọ títí yóò fi dé ibi tí kò ti lè wọlẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ló ń kó jọ sí. Òun ni à ń pè ní omi abẹ́ ilẹ̀. Omi yìí la ń fà nínú kànga. Òun náà ni pọ́ǹpù ń fà láti inú ihò jíjìn.

Ilẹ̀ kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Àjàṣẹ́, níbi tó sún mọ́ ọ̀sà, omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn. Ní Kétu, ilẹ̀ gíga ni, omi sì jìn púpọ̀. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdáàṣà, òkúta líle ló wà nísàlẹ̀. Ibi tí òkúta ti là ni omi ń gbà kọjá.

Ẹ dán èyí wò nínú kíláàsì. Ẹ mú igbá àlòkù méjì, kí ẹ lu ihò kéékèèké sí ìdí wọn. Ẹ kó yanrìn kún ọ̀kan. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ kún èkejì. Ẹ wá da omi ẹrẹ̀ sí méjèèjì. Kí lẹ rí? Omi tó gba inú yanrìn kọjá yóò pẹ́ kó tó jáde, ẹrẹ̀ rẹ̀ yóò sì dín kù. Yanrìn ti sẹ́ ẹ bí a ti ń sẹ́ ògì. Omi tó gba inú òkúta yóò jáde kíákíá pẹ̀lú ẹrẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ wa rí. Ilẹ̀ kan ń sẹ́ omi dáadáa, òmíràn kò lè sẹ́ ẹ.

2. Kòkòrò tí ojú kò rí

Bí ṣáláńgá bá sún mọ́ kànga, omi ìgbẹ́ lè gba inú ilẹ̀ dé inú kànga. Àwọn kòkòrò kéékèèké wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti àrùn onígbáméjì. Àrùn wọ̀nyí ń tètè gbẹ omi ara ọmọdé, wọ́n sì lè pa á.

Báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe ń mọ̀ pé kòkòrò ìgbẹ́ wà nínú omi? Wọ́n ń bu omi tí kò tó ife kan, ìyẹn mílílítà 100. Wọ́n ń fi bébà kan sẹ́ ẹ. Ihò bébà náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kòkòrò kò fi lè gbà á kọjá. Wọ́n ń fún àwọn kòkòrò náà ní oúnjẹ, wọ́n sì ń gbé wọn sínú àpótí tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Lọ́jọ́ kejì, kòkòrò kọ̀ọ̀kan ti bí sí i, ó ti di àmì kékeré tí ojú lè rí. Wọ́n wá ń ka àwọn àmì náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò yẹ kí ẹyọ kan péré wà nínú mílílítà 100 omi mímu.

3. Ohun tó yọ́ sínú omi

Ẹ bu omi mímọ́ sínú ife. Ẹ da iyọ̀ sí i, kí ẹ rò ó pọ̀. Ṣé ẹ ṣì rí iyọ̀? Rárá. Ṣé iyọ̀ ti lọ? Ẹ tọ́ ọ wò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ohun mìíràn ṣe ń yọ́ sínú omi abẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kò ní àwọ̀, wọn kò sì ní adùn tí ẹnu lè mọ̀. A ó sọ̀rọ̀ nípa méjì.

Èkíní ni nítíráàtì. Ó ń wá láti inú ìgbẹ́, ìtọ̀, ìgbẹ́ ẹran àti ajílẹ̀ òyìnbó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi 1. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 ló ń tètè pa lára. Bí a bá fi irú omi bẹ́ẹ̀ po wàrà fún ọmọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má lè gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara mọ́. Ètè àti èékánná ọmọ náà á dà bí ohun tí a rẹ sínú aró. Ẹni tó bá rí èyí, kó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Èkejì ni fúlúọ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Inú òkúta abẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ti ń wá. Díẹ̀ nínú rẹ̀ dára fún eyín. Ṣùgbọ́n bó bá ju mílígíráàmù 1,5 lọ nínú lítà omi 1, ó lè ba eyín ọmọdé jẹ́ nígbà tí eyín náà ṣì ń dàgbà nínú èrìgì. Bó bá pọ̀ gan-an, tí ènìyàn sì mu ún fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń ba egungun jẹ́.

Ṣé ẹ mọ bí mílígíráàmù 1 ti kéré tó? Ẹ mú iyọ̀ gíráàmù 1. Ẹ pín in sínú dúrọ́ọ̀mù 5 ti lítà 200. Ìyẹn ni mílígíráàmù 1 nínú lítà 1.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ omi pọ́ǹpù wò ní agbègbè Ìdáàṣà. Wọ́n rí i pé fúlúọ̀ inú àwọn kan ju 1,5 lọ. Wọ́n sì rí àwọn ọmọ tí eyín wọn ní àbàwọ́n funfun tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ má ṣe fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe ọ̀bùn. Kì í ṣe èpè. Pákò kò lè mú un kúrò. Omi ló fà á. Èyí tó ti ṣẹlẹ̀ kò ní lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n a lè gba eyín àwọn àbúrò rẹ̀ là.

4. Ṣé sísè lè tún gbogbo omi ṣe?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ o: bí omi bá hó, kòkòrò inú rẹ̀ á kú. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n nítíráàtì àti fúlúọ̀ kì í kú, nítorí wọn kì í ṣe ohun abẹ̀mí. Ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ ọ́n dáadáa: bí ọbẹ̀ bá pẹ́ lórí iná, omi rẹ̀ á gbẹ, iyọ̀ rẹ̀ á sì le sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni fúlúọ̀ ń le sí i nínú omi tí a sè pẹ́. Bí omi bá ní fúlúọ̀ tàbí nítíráàtì púpọ̀, omi mìíràn la gbọ́dọ̀ wá fún mímu.

5. Kí ni ká ṣe?

1. Ẹ jẹ́ kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga, ó kéré tán mítà 30. Ó tó nǹkan bí ìṣísẹ̀ gígùn 40. Kí kànga wà lápá òkè, kí ṣáláńgá wà ní ìsàlẹ̀. Níbi tí òkúta wà lábẹ́ ilẹ̀, mítà 30 lè má tó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ omi.

2. Ẹ mọ ògiri yí ẹnu kànga ká, kí ẹ sì dé e. Kí garawa kan ṣoṣo máa wọ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí okùn rẹ̀ máa wọ́ nílẹ̀.

3. Ẹ má ṣe fọ ẹ̀rọ ìfọ́nkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tàbí odò. Ẹ má ṣe fi ike oògùn òwú pọn omi, bí ẹ tilẹ̀ fọ̀ ọ́ ní ìgbà mẹ́wàá.

4. Bí kòkòrò bá wà nínú omi, ẹ sè é títí yóò fi hó yaya. Bí igi ìdáná bá ṣọ̀wọ́n, ẹ rọ omi tó mọ́ gaara sínú ìgò ike tí ojú lè rí inú rẹ̀. Ẹ gbé e sínú oòrùn fún wákàtí 6. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 2.

5. Ẹ fún ọmọ ní ọmú nìkan títí yóò fi pé oṣù 6. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò nílò omi kànga rárá.

6. Bí wọ́n bá gbẹ́ pọ́ǹpù tuntun fún yín, ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò omi rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí mu ún. Ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́ta: kòkòrò ńkọ́? Nítíráàtì ńkọ́? Fúlúọ̀ ńkọ́? Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ ti mọ̀ ọ́n kà. Ẹ kọ èsì náà sínú ìwé ẹgbẹ́ yín. Bí fúlúọ̀ bá pọ̀, ẹ fi omi náà fọ aṣọ, kí ẹ sì wá omi mímu sí pọ́ǹpù tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé ó dára.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Omi tí a bá tọ́jú lónìí ni àwọn ọmọ wa yóò mu lọ́la.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

- Ìṣísẹ̀ mélòó ló wà láàárín kànga yín àti ṣáláńgá tó sún mọ́ ọn jù lọ? Ẹ lọ kà á.
- Kí ló dé tí sísè kò fi lè mú fúlúọ̀ kúrò nínú omi?
- Ta ni ẹ lè bá sọ̀rọ̀ ní kọmúùnù yín kí wọ́n lè yẹ omi yín wò?