Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń gbé èrè oníkẹ̀kẹ́ lọ: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ nípa ìtọ́jú kẹ̀kẹ́ ológeere

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún, ọdún 2023, ni owó ọkọ̀ ti di ìṣòro ńlá fún oníṣòwò kékeré. Lítà epo kan tí wọ́n ń tà ní nǹkan bíi ₦190 nígbà náà fò sókè kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹwàá, ọdún 2024, ó ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo.

Kẹ̀kẹ́ ológeere kì í mu epo. Oníbúrẹ́dì tó ń kiri àdúgbò, ẹni tó ń ta áísìkiriìmù, àgbẹ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ láti oko, àti alágbàfọ̀ tó ń gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ náà ní ìnáwó tirẹ̀, ibi tí ìnáwó ọ̀hún sì ti sábà máa ń pọ̀ jù ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, nítorí pé orí rẹ̀ ni ẹrù ń jókòó lé. Oníṣòwò tó bá mọ bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, tó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, yóò dín owó àtúnṣe kù, oníṣẹ́ tí kò mọṣẹ́ kò sì ní í rí i rẹ́ jẹ.

IṢẸ́ TÍ SÍPÓÒKÙ Ń ṢE

Sípóòkù ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so họ́ọ̀bù tó wà láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́ ríìmù tí wọ́n gbé táyà lé. Lára àwọn kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Raleigh fi lórúkọ, sípóòkù 32 ló máa ń wà níwájú, 40 sì máa ń wà lẹ́yìn. Kì í ṣe pé wọ́n ṣèèṣì ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ẹ̀yìn ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ àti ẹrù rẹ̀. Àwọn kẹ̀kẹ́ mìíràn máa ń ní 36 níwájú, 36 lẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí òpó ṣe ń gbé òrùlé ni sípóòkù ṣe ń gbé ẹrù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ yóò tẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bí wọ́n bá gbé ẹrù lé e lórí. Ohun tó fún un lágbára ni pé wọ́n ti fà á le láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá fa okùn tó di àgọ́ mú. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ń yí, àwọn sípóòkù tó bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ yóò dẹ̀ díẹ̀, bí wọ́n bá sì ti kúrò níbẹ̀, wọ́n á tún le padà. Onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Jobst Brandt, ṣàlàyé èyí yékéyéké nínú ìwé rẹ̀, The Bicycle Wheel, tó jáde lọ́dún 1981.

Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ oní-28 máa ń yí tó nǹkan bí ìgbà 450 nínú kìlómítà kan. Bí oníṣòwò bá rin kìlómítà 20 lóòjọ́, sípóòkù kọ̀ọ̀kan yóò dẹ̀, yóò sì tún le padà ní nǹkan bí ìgbà 9,000. Bí sípóòkù bá le dáadáa, èyí kò tó nǹkan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dẹ̀ tẹ́lẹ̀, yóò máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn níbi ọrùn tó fi wọ inú họ́ọ̀bù, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń tẹ wáyà títí tó fi kán. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé sípóòkù tó dẹ̀ ló sábà máa ń já. Bí ọ̀kan bá sì ti já, iṣẹ́ rẹ̀ yóò bọ́ sọ́rùn àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ríìmù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jó, àwọn yòókù yóò sì máa já tẹ̀ léra wọn.

ÀYẸ̀WÒ Ọ̀SẸ̀Ọ̀SẸ̀

Kékeré ni wọ́n ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àyẹ̀wò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kí oníkẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀, kí ó dojú kẹ̀kẹ́ dé, kí ó wá máa fi ìka ta sípóòkù kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta okùn gìtá. Ó yẹ kí àwọn tó wà lápá kan náà dún bákan náà, tàbí kí ohùn wọn sún mọ́ra. Èyí tó bá dún sísàlẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí tí kò dún rárá, ti dẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, kí ó mú ṣọ́ọ̀kì, kí ó gbé ọwọ́ lé ara férémù, kí ó jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ ríìmù, kí ó wá yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti fi àmì sí ni ríìmù ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá yà sósì, sípóòkù tó wá láti apá ọ̀tún họ́ọ̀bù níbẹ̀ ni wọ́n yóò fún le, kí wọ́n sì dẹ ti apá òsì díẹ̀. Bí ó bá yà sọ́tùn-ún, òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n yóò ṣe.

Nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lórí sípóòkù, níbi tó ti wọ ríìmù, ni wọ́n ń yí. Ẹni tó bá ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ táyà sí ìhà họ́ọ̀bù yóò yí i bí ọwọ́ aago ṣe ń yí kí ó tó lè le. Ìdá mẹ́rin ìyípo kan ti tó lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tún yí i. Sípánà tí wọ́n ṣe fún sípóòkù ni kí wọ́n lò. Púláyà máa ń jẹ orí nọ́ọ̀tì, bí ó bá sì ti jẹ ẹ́, kò sí ohun tó tún lè yí i dáadáa mọ́.

BÍ WỌ́N BÁ FẸ́ HUN ẸSẸ̀ TUNTUN

Ìgbà mìíràn wà tí títún ún ṣe kò ní í mú èrè wá mọ́. Bí ríìmù bá ti ká tàbí tó sán, tàbí tí sípóòkù mẹ́ta bá já láàárín àkókò díẹ̀, ó sàn kí wọ́n fi sípóòkù tuntun hun gbogbo ẹsẹ̀ náà ju kí wọ́n máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ̀ ẹ́. Àwọn nǹkan tó yẹ kí ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ bojú tó nìyí:

Èkíní, iye ihò ara ríìmù gbọ́dọ̀ bá ti họ́ọ̀bù mu. Ríìmù oníhò 36 kò lè bá họ́ọ̀bù oníhò 40 ṣiṣẹ́.

Èkejì, kí wọ́n mú sípóòkù àtijọ́ kan lọ sọ́jà. Láti inú ibi tó ti tẹ̀ dé òpin ibi tó ní èèlò ni wọ́n ti ń wọn gígùn rẹ̀. Ti iwájú àti ti ẹ̀yìn lè má gùn bákan náà.

Ẹ̀kẹta, sísanra rẹ̀ ṣe pàtàkì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ mílímítà 2. Èyí tó jẹ́ mílímítà 2.3 wà fún ẹrù wúwo, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wọ ihò họ́ọ̀bù, kí nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì bá a mu.

Ẹ̀kẹrin, sípóòkù gbọ́dọ̀ kọjá lára ara wọn. Ní ẹsẹ̀ tó ní sípóòkù 40, ọ̀kọ̀ọ̀kan sábà máa ń kọjá lára mẹ́rin mìíràn. Ní èyí tó ní 32, mẹ́ta ni. Nígbà tí ṣéènì bá fa họ́ọ̀bù, kíkọjá yìí ló ń jẹ́ kí agbára náà dé ríìmù. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí wọ́n bá ta sípóòkù rẹ̀ ní gbọọrọ láìkọjá lára ara wọn kò ní í pẹ́ bàjẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, bí wọ́n bá ti fà á le tán, kí oníṣẹ́ máa mú sípóòkù méjì-méjì tó wà lápá kan náà, kí ó fi gbogbo agbára fún wọn pọ̀ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà ká. Èyí yóò jẹ́ kí ọrùn wọn jókòó dáadáa sínú họ́ọ̀bù. Lẹ́yìn èyí ni yóò tún un tọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Oníṣẹ́ tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà rẹ̀ máa ń padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì pé kẹ̀kẹ́ tún ti ń jó.

Ó tún yẹ kí wọ́n fi fáìlì rẹ́ orí sípóòkù tó bá yọ sókè nínú ríìmù, kí wọ́n sì fi rọ́bà bo ibẹ̀, kí ó má baà gún túùbù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí kẹ̀kẹ́ bá ti ṣiṣẹ́, kí wọ́n dá a padà fún àyẹ̀wò.

NỌ́ŃBÀ ARA TÁYÀ

Ọ̀pọ̀ ló ti ra táyà oní-28 tí kò wọ kẹ̀kẹ́ oní-28 tiwọn, tí ẹni tó tà á kò sì gbà á padà. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè wọ́n, ìwọ̀n wọn kò dọ́gba. Èyí tí wọ́n kọ 28 x 1½ sí lára máa ń ní 635 nínú nọ́ńbà kejì rẹ̀, bíi 40-635. Oní-28 mìíràn wà tó jẹ́ 622. Ní ti oní-26, èyí tó jẹ́ 26 x 1⅜ jẹ́ 590, táyà fàmùfàmù tó jẹ́ 26 x 2.125 sì jẹ́ 559. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yìí ni fífẹ̀ ibi tí táyà ń jókòó sí lára ríìmù, mílímítà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Òun ni kí oníṣòwò kọ sínú ìwé kó tó lọ sọ́jà.

Ẹ̀gbẹ́ táyà náà ni wọ́n kọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí. Bí túùbù bá lu ní ojú méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìṣó kọ́ ló gún un. Afẹ́fẹ́ ló kéré, tí ríìmù fi tẹ túùbù mọ́ òkúta tàbí etí kòtò.

ṢÉÈNÌ ÀTI RÚLÀ ỌMỌ ILÉÈWÉ

Ṣéènì kì í fà bíi rọ́bà. Píìnì inú oríkèé rẹ̀ ló máa ń jẹ, tí gbogbo rẹ̀ á fi gùn sí i. Kí oníkẹ̀kẹ́ fi rúlà oní-íǹṣì 12 wọ̀n ọ́n láti àárín píìnì kan. Bí ṣéènì bá ṣì dára, àárín píìnì mìíràn yóò bọ́ sórí 12 géérégé. Bí ó bá fi mílímítà kan àbọ̀ kọjá, àkókò tó láti pààrọ̀ ṣéènì nìkan. Bí ó bá fi mílímítà mẹ́ta kọjá, ó ti jẹ eyín fíríwíìlì àti ti iwájú, ìnáwó náà yóò sì pọ̀ sí i.

Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò dára fún ṣéènì, nítorí pé èérí àti ìdọ̀tí irin wà nínú rẹ̀. Ọ́ìlì tuntun díẹ̀ ni kí wọ́n kán sórí oríkèé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi àkísà nu èyí tó bá ṣẹ́kù síta, nítorí pé òun ló ń mú eruku ọyẹ́ mọ́ra.

BÍÁRÌN, PẸ́DÀLÌ ÀTI BÍRÉÈKÌ

Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ń mì lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú, tàbí tó ń dún gíràgírà, kí wọ́n tú họ́ọ̀bù, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi gíríìsì tuntun sí i. Nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù 9 ló sábà máa ń wà lápá kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀. Pẹ́dàlì òsì ní tirẹ̀, òdì ni wọ́n ń yí i: bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni wọ́n fi ń tú u. Àìmọ èyí ti ba apá pẹ́dàlì púpọ̀ jẹ́.

Ní ti bíréèkì, ríìmù onírin máa ń yọ̀ bí òjò bá pa á. Ẹni tó gbé ẹrù gbọ́dọ̀ tètè tẹ bíréèkì, kó tó dé ibi tó ti fẹ́ dúró.

ÌṢIRÒ OWÓ

Ká mú oníbúrẹ́dì kan tó ń jèrè ₦5,000 lóòjọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá dúró fún ọjọ́ méjì péré lóṣù, ₦10,000 ti lọ kó tó san owó oníṣẹ́, ìyẹn ₦120,000 lọ́dún. Bí ó bá ń fi ₦200 pamọ́ ní gbogbo ọjọ́ tó bá ṣiṣẹ́, ní ọjọ́ 24 lóṣù, yóò ní ₦4,800 lọ́wọ́ fún sípóòkù, ọ́ìlì àti gíríìsì, bí táyà bá sì tó pààrọ̀, kò ní í fọwọ́ kan owó ọjà.

Kí ó ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ọjọ́ tó ra nǹkan kọ̀ọ̀kan àti iye tó rà á sí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìwé náà yóò fi hàn án bóyá táyà olówó pọ́ọ́kú tó ń rà pẹ́ tó èyí tó wọ́n díẹ̀, àti bóyá oníṣẹ́ tó ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ bá ń tún un ṣe ni, àbí ó ń bà á jẹ́.