Ọmọ Ló Ń Kọ JAMB, Kì Í Ṣe Ẹ̀yin

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ti di òbí, tí ọmọ yín sì ti tó JAMB kọ, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ yín ti gbọ́ ìmọ̀ràn yó. Olùkọ́ ń sọ ọ́ ní ilé ìwé, pásítọ̀ ń sọ ọ́ lórí àga ìwàásù, ààfáà ń sọ ọ́ ní asalátù, ẹ̀gbọ́n tó ti wọ Ifẹ̀ náà ń sọ ọ́ bó bá ti wálé. Ẹ̀yin gan-an ni kò sẹ́ni tó ń pè sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí fọ́ọ̀mù bá ti jáde títí di ìgbà tí yunifásítì máa kó orúkọ jáde, ọ̀dọ̀ yín ni ìnira tó pọ̀ jù nínú ilé ti ń wá. Ẹ kì í ṣe òbí burúkú. Ẹ kàn gbé ẹrù ọmọ sórí ara yín, ẹ sì gbé tiyín lé ọmọ lórí ni.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ọmọ ń lọ ṣe.

Púpọ̀ nínú yín ló ṣì rò pé JAMB tí ẹ fi pẹ́ńsùlù kùn nígbà tiyín ló wà níta. Ó ti lọ. Ní 2013 ni wọ́n mú kọ̀ǹpútà wọ̀ ọ́, nígbà tó sì fi máa di 2015, kọ̀ǹpútà nìkan ló kù. Ìbéèrè 180 ni: 60 jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní ogójì ogójì, wákàtí méjì péré ni wọ́n sì fún un. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ìṣẹ́jú kan kò pé lórí ìbéèrè kan. Ọmọ tó mọ̀wé àmọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ màóòsì, ẹ̀rọ ni yóò máa bá jà nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dáhùn ìbéèrè. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra ìwé ìbéèrè àtijọ́ kejì, ẹ fi san owó káfẹ́ fún un kó lọ máa fi kọ̀ǹpútà dánra wò.

Ohun kan tún wà tí àwọn òbí kì í kà sí. JAMB máa ń yan ìwé ìtàn kan, wọ́n á sì mú ìbéèrè jáde nínú rẹ̀ fún èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2025, The Lekki Headmaster tí Kabir Alabi Garba kọ ni. Ṣáájú rẹ̀, The Life Changer ti Khadija Abubakar Jalli ni. Ẹ bá ọmọ kà á. Bó bá ti parí orí kan, ẹ ní kó fi Yorùbá sọ ìtàn náà fún yín bí ẹ ṣe jọ ń ṣa ẹ̀fọ́. Yóò rántí rẹ̀ ju bó ṣe máa rántí èyí tó há sórí lọ, ẹ̀yin náà á sì rí nǹkan bá a sọ tí kì í ṣe "ṣé o ti kàwé lónìí?"

2. Ìwé àti nọ́ńbà, ẹrù tiyín nìyẹn.

Ẹ má fi èyí sílẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. JAMB kì í forúkọ ẹni tí kò ní NIN sílẹ̀, orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó bá sì wà lórí NIN ni wọ́n máa lò. Ẹ gbé NIN, ìwé ẹ̀rí ìbí, àti orúkọ tí ilé ìwé fi ránṣẹ́ sí WAEC sórí tábìlì kan náà, kẹ́ ẹ kà wọ́n ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá kọ Oluwaseun tí èkejì kọ Seun, bí ọ̀kan bá pe ọdún ìbí ní 2008 tí èkejì pè é ní 2009, ìsinsìnyí tí ọkàn yín balẹ̀ ni kẹ́ ẹ tún un ṣe. Àtúnṣe NIN kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan.

Nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Èyí tí ọmọ bá fi gba kóòdù ìforúkọsílẹ̀ náà ni yóò fi béèrè èsì. Mo mọ ọmọ kan tí wọ́n fi nọ́ńbà ọmọkùnrin tó ń jókòó ní káfẹ́ forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, ọmọkùnrin yẹn ti kó lọ sí Ìlọrin. Ẹ ra síìmù fún ọmọ yín, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀.

Èyí tó ń pa àwọn ọmọ lẹ́kún jù ló kù. Ọmọ lè kọ JAMB nígbà tó ṣì ń retí èsì WAEC, kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí WAEC bá ti jáde, ẹnì kan gbọ́dọ̀ mú èsì náà lọ kí wọ́n gbé e sórí CAPS, ìyẹn ibi tí JAMB ti ń ṣètò ìgbàwọlé láti 2017. Bí kò bá sí níbẹ̀, yunifásítì kò rí nǹkan kan, kódà kí ọmọ gba 300. Ilé kan wà tí gbogbo wọn gbààwẹ̀ títí kí ọmọ lè wọlé, tí èsì WAEC sì ń sùn nínú dúrọ́ọ̀.

3. Ẹ bi ọmọ léèrè ohun tó fẹ́ kọ́, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ kó lè dáhùn.

Bàbá kan ń jó lóde àríyá, ó ní dókítà lòun bí. Ọmọ tó ń wí yìí, bí wọ́n bá ń pa adìyẹ lẹ́yìnkùlé, inú yàrá ló máa ń sá sí. Ta ló fẹ́ di dókítà nínú àwọn méjèèjì?

Ẹ wo òótọ́ ojú ọ̀nà kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ lé e. Ní 2025, 150 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n tó kéré jù fún yunifásítì, 100 fún pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ẹ má jẹ́ kí 150 yẹn tàn yín. Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti UNILAG kì í jẹ́ kí ẹni tí kò bá gba 200 wá ṣe ìdánwò tiwọn, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ju 200 lọ dáadáa. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìlànà ni pé ìdá 45 nínú 100 àyè jẹ́ ti ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù, ìdá 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì náà ká, ìdá 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì fìdí múlẹ̀ sí. Ìpínlẹ̀ tí ẹ ti wá lè gbé ọmọ wọlé, ó sì lè dí i lọ́nà. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bá ọmọ wádìí rẹ̀ nìyẹn, dípò kẹ́ ẹ máa bi í pé kí ló dé tí kò fẹ́ jẹ́ lọ́yà.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń yínmú bí ọmọ bá dárúkọ pólì, ọdún 1947 ni wọ́n dá Yaba Tech sílẹ̀, Yunifásítì Ìbàdàn dé ní 1948. Ẹ̀gbọ́n lẹ ń yínmú sí.

4. Ẹ má ra ìdánwò fún un.

Ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn ibi tí wọ́n ń pè ní "miracle centre", tí òbí máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ka owó fún oníjìbìtì, ọmọ á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí á máa wò ó. Nígbà tí ọmọ náà bá dàgbà tó bá jí owó ilé iṣẹ́, ẹ ó ní àwọn ọ̀rẹ́ ló bà á jẹ́.

Ọmọ náà lè dá jìbìtì ṣe. Ní 2023, ọmọ kan gbé èsì 362 jáde, gbogbo ayé ń bá a yọ̀, ẹ̀bùn ti ń bọ̀ lọ́nà. JAMB ní 249 ló gbà. Wọ́n ṣèwádìí, ó sì jẹ́wọ́ pé òun yí èsì náà padà ni. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọ JAMB fún ọdún mẹ́ta. Ohun tó ká mi lára jù ni pé 249 kì í ṣe máàkì ìtìjú. Kí ló wà nínú ilé àti àdúgbò tí ọmọ fi máa gba 249 tí yóò sì rò pé kò tó?

5. Ẹ ṣọ́ ẹnu yín.

"Ọmọ Ìyá Ìbejì gba 280, ṣé orí méjì ló ní ni?" Gbogbo yín lẹ ti sọ ọ́ rí. Ẹ sọ ọ́ kí ọmọ lè múra sí i, àmọ́ etí rẹ̀ gbọ́ pé ẹ ò bá fẹ́ bí ọmọ Ìyá Ìbejì.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i kedere, ẹ lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń kọ JAMB ní àárọ̀ kan. Àwọn ìyá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, wọ́n á gbé báàgì lé ẹsẹ̀, fóònù ọmọ á wà nínú báàgì. Ọmọ á jáde, aṣọ rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, kò tíì mọ ibi tí oòrùn wà. Kó tó dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ìbéèrè ti ń bọ̀: "Eélòó lo rò pé o máa gbà? Ìbéèrè mélòó lo fi sílẹ̀? Ṣé ohun tí lágbájá kọ́ ọ jáde?" Obìnrin kan wà tó kàn ṣí fúláàsìkì, ó bu ìrẹsì fún ọmọ rẹ̀, ó ní, "Jẹun ná." Títí wọ́n fi wọ mọ́tò, kò bi í ní nǹkan kan. Ọmọ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

6. Ẹ jẹ́ kó sùn.

Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má mú ọmọ tó ń kọ ìdánwò lọ́la lọ sí ìṣọ́ òru. Ẹ lọ gbàdúrà náà fún un, kó wà lórí ibùsùn. Ẹ̀yin tí ẹ sì gba ìsọ̀yè lọ́wọ́ àwọn àgbà, n kò bá yín jà sí i, baba tó bí mi lọ́mọ lò ó. Àmọ́ kì í ṣe òru ọjọ́ tí ilẹ̀ máa mọ́ ìdánwò ni kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fún ọmọ ní àgbo tí inú rẹ̀ kò mọ̀ rí. Ìdí kì í jókòó sí gbọ̀ngàn fún wákàtí méjì bí inú bá ń ṣe gúrugùru.

7. Ẹ mọ ọ̀nà ibùdó ìdánwò ṣáájú ọjọ́ náà.

Wọ́n lè gbé ọmọ sí ìlú mìíràn. Ẹ tẹ ìwé tó ń júwe ibùdó ìdánwò rẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ ka àkókò tó wà lórí rẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ lọ wo ibẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Fóònù àti aago ọwọ́ kò gbọdọ̀ wọlé.

8. Bí èsì bá jáde, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ọmọ, kẹ́ ẹ tó wo máàkì.

Ẹ rántí 2025. Àwọn tí èsì wọn jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ nínú wọn tí kò gba 200. Ariwo ta. Àwọn kan ní àwọn ọmọ òde òní kì í kàwé, TikTok ni wọ́n mọ̀. Ní oṣù karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, jáde síwájú àwọn oníròyìn, ó ní àṣìṣe ẹ̀rọ ti ba èsì jẹ́ ní ibùdó 157, ní Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó bí 380,000, wọ́n sì ní kí wọ́n wá tún un kọ. Ọkùnrin náà sunkún níwájú gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà tí èsì jáde sí ìgbà tó sunkún yẹn, ta ló lè ka iye ilé tí wọ́n ti pe ọmọ ní olódo? Ọmọbìnrin kan wà ní Èkó tí kò sí láyé mọ́ lónìí nítorí èsì ọdún yẹn.

Nítorí náà, bí máàkì bá kéré, ẹ pa ìbínú mọ́ra fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ máa wò ó. Bí kò bá jẹun, bí kò bá sùn, bó bá ń yẹra fún àwọn ọ̀rẹ́, bó bá ń pín ohun ìní rẹ̀ fún àwọn àbúrò, bó bá sọ pé òun ò wúlò tàbí pé ilé á sàn bí òun ò bá sí níbẹ̀, ẹ má pè é ní ìṣe ọmọdé. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í ní gbangba bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í gbé èrò náà sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí ẹ̀yin bá wà lára àwọn tó ń kọ ọ́ lóminú, ẹ pe àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n tó fọkàn tán kó wá bá a gbé.

9. Bí kò bá wọlé lọ́dún yìí, ọdún náà kò ṣòfò.

Ó lè tún JAMB kọ. Ó lè ṣe JUPEB tàbí IJMB, ó lè lọ ṣe ND ní pólì tàbí NCE, kó wá gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní "Direct Entry" wọ ipele kejì ní yunifásítì. Ó lè kọ́ṣẹ́ ọwọ́ bó ṣe ń kàwé. Ohun tí kò dára ni kó jókòó sílé láàárọ̀ títí di alẹ́, tí gbogbo àlejò tó bá wọlé á máa bi í pé ipele wo ló wà. Ẹ bá a ṣètò bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ sì pa àwọn àlejò lẹ́nu mọ́.

Ẹ má tìtorí ìtìjú ta ilẹ̀ kí ọmọ lè lọ sí yunifásítì aládàáni tí ẹ ò ní lè san owó rẹ̀ ní ọdún kejì. Fún ẹni tó bá wọ ilé ìwé ìjọba, láti 2024 ni NELFUND ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìgba èlé. Ẹ lọ wádìí rẹ̀.

10. Bó bá sì wọlé.

Orí CAPS ni kẹ́ ẹ ti wò ó. Ẹ má gbà á gbọ́ nítorí pé ẹnì kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ tó sì ń béèrè owó "láti yanjú rẹ̀". Bí orúkọ bá ti hàn, ọmọ gbọ́dọ̀ tẹ ibi tí wọ́n kọ "Accept" sí, torí ẹni tó ń jó tí kò tẹ̀ ẹ́ lè ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Kó tẹ̀ ẹ́ ná, kẹ́ ẹ tó pe ìyá àgbà lórí fóònù.